Ohun Tó Mú Ọkọ̀ Ọdún 1934 Ṣì Wà Lójú Pópó

Ìbéèrè méjì ni àwọn ènìyàn máa ń bi mí bí wọ́n bá rí ọkọ̀ mi nílé epo. Èkíní ni pé èló ni mo rà á. Èkejì ni pé ṣé ó ṣì ń rìn lóòótọ́, àbí ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fi gbé e débẹ̀. N kì í dáhùn èkíní, nítorí pé ìyàwó mi lè wà nítòsí. Èkejì ni mo fẹ́ dáhùn fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ju ti ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ.

MG irú PA ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ eré ìje oníjòkòó méjì, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1934 ní ìlú Abingdon, nítòsí Oxford tí mò ń gbé. Morris Garages ni lẹ́tà méjèèjì dúró fún, ìyẹn ilé ìtajà William Morris ní Oxford, níbi tí Cecil Kimber ti jẹ́ alábòójútó, tó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọkọ̀ Morris lásán di ọkọ̀ asáré. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 847 cc lọ. Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án yóò bá a dọ́gba. Síbẹ̀, lọ́dún 1935, obìnrin mẹ́fà wa mẹ́ta nínú irú rẹ̀ níbi ìdíje oníwákàtí 24 ní Le Mans, ní ilẹ̀ Faransé, ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì parí ìdíje náà. Ọkọ̀ kékeré ni, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Wíwà á gba sùúrù. Jíà rẹ̀ kò ní ohun tí ń mú kí eyín méjì yí dọ́gba kí wọ́n tó wọ ara wọn. Bí mo bá fẹ́ bọ́ sí jíà tó rẹlẹ̀, mo ní láti tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí n fa jíà jáde, kí n gbẹ́sẹ̀ kúrò, kí n fún ẹ́ńjìnnì lépo díẹ̀, kí n tún kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí n tó rọra ti jíà wọlé. Ẹni tó bá fi ipá tì í yóò gbọ́ igbe irin. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àfi bí ẹni pé nítorí jíà yìí ni àwọn àgbà ṣe pa òwe náà. Wáyà ló sì ń fa bíréèkì rẹ̀. Nítorí náà, ojú awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti rí ewu kí ewu tó dé.

Lọ́dún 2023, èmi àti ìyàwó mi wà á lọ sí Brecon ní ilẹ̀ Wales. A yẹra fún àwọn títì ńlá tí kò yẹ ọjọ́ orí rẹ̀, a gba ọ̀nà A40 tó kọjá ní Cheltenham, Gloucester, Ross-on-Wye, Monmouth àti Abergavenny. Ìrìn máìlì 45 ní wákàtí kan ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn Ross, níbi tí ọ̀nà ti fẹ̀, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, atẹ́gùn wọn sì ń mì wá bí ewé. Nígbà tí a dé Abergavenny, òjò dé. Òrùlé aṣọ ni tiwa. Omi rí ọ̀nà wọlé. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, tó sì kú nítòsí Crickhowell. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo yọ ìdérí ibi tí iná ti ń pín lọ sí àwọn púlọ́ọ̀gì, mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún, mo dé e padà. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, a ti ń bá odò Usk rìn lọ sí Brecon.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ èyí, kì í ṣe Oxford. Mẹkáníìkì ni bàbá mi ní Mọ́kọ́lá. Wọn a máa gbé orí sukudiráfà lé ẹ́ńjìnnì, wọn a fi etí ti ìdí rẹ̀, wọn a sì sọ ibi tí àrùn wà. Nígbà tí mo ra ọkọ̀ yìí, inú abà ló wà, igi tó di ara rẹ̀ mú ti jẹrà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tún un ṣe. A gé igi tuntun ní ìwọ̀n ògbólógbòó, mo sì ra sípánà oníwọ̀n Whitworth, ìwọ̀n tí Joseph Whitworth gbé kalẹ̀ lọ́dún 1841, nítorí pé sípánà òde òní kò bá nọ́ọ̀tì rẹ̀ mu. Ilé iṣẹ́ Abingdon ti kógbá wọlé láti ọdún 1980. Síbẹ̀, n kò wá ẹ̀yà ara kan tí n kò rí, nítorí pé kò sí àṣírí nínú èyíkéyìí wọn: alágbẹ̀dẹ tó bá mọṣẹ́ lè wọn ọ́n, kó sì rọ òmíràn.

Lọ́dún yẹn kan náà, ọkọ̀ mi kejì kú. Ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Àpótí kọ̀ǹpútà kékeré kan ló bàjẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ní àwọn kò ṣe irú àpótí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn kò sì lè ṣe é, nítorí pé ọwọ́ wọn nìkan ni kọ́kọ́rọ́ ohun tí a kọ sínú rẹ̀ wà. Ẹ́ńjìnnì le, táyà dára, a sì tà á fún àwọn tó ń fọ́ irin.

N kò sọ pé kí a padà sí ọdún 1934. Ọkọ̀ òde òní kì í tú èéfín tó tèyí, ó sì ń dáàbò bo ẹ̀mí ju èyí lọ. Ohun tí mò ń wí ni pé ọjọ́ orí kọ́ ní í pa ọkọ̀, bí kò ṣe ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ alátùn-únṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2021 ní kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ àti fíríìjì máa pèsè ẹ̀yà ara rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Ọkọ̀ kò sí nínú òfin náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé ju bí ó ti kàn mí níbí lọ. Ohun tí òyìnbó bá lò kù ni à ń pè ní tòkunbọ̀, mẹkáníìkì ní í sì í fún un ní ẹ̀mí kejì. Àwọn ọkọ̀ tí a tì pa wọ̀nyí ń bọ̀ lọ́nà èbúté Èkó. Bí ọmọṣẹ́ bá ní etí bíi ti bàbá mi, tí kò sì ní kọ́kọ́rọ́, etí lásán ni. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, kí ẹ sì bi í pé: “Ọ̀gá, bí èyí bá kú, ṣé ẹ lè ṣí i?” Bí ó bá mi orí, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á.