Ohun Tí Kò Ní Òpin, Àwa Ni Yóò Fi Òpin Sí I

Bí ẹnì kan bá ní kí n ju fóònù mi sódò, n kò ní gbọ́. Àwa tí a ti tò rí ní ọ́fíìsì NITEL kí a tó lè bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀ mọ oore tí a rí gbà nígbà tí fóònù GSM dé Nàìjíríà ní ọdún 2001. Òun ni ọkọ mi fi ń tajà, òun ni mo fi ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi ní Kano. Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Ọ̀pọ̀ òbí ń pe àwọn ọmọ ní ọ̀lẹ nítorí fóònù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn ní ojú ewé ìkẹyìn. Bí a bá kà á débẹ̀, a ó ká a. Ní ọdún 2006, ará Amẹ́ríkà kan, Aza Raskin, ṣe ètò kan tí ojú ewé orí ẹ̀rọ kì í fi í tán: bí ìka ti ń fà á sókè, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn ń yọ nísàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba lẹ́yìn náà pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ tí kò ní ìsàlẹ̀, báwo ni ẹni tí ń bù ú yóò ṣe mọ̀ pé ó tó? Ẹ̀rọ náà kò ní sọ fún wa. Àwa ni a ó sọ fún un.

Ìyá ọkọ mi, ẹni ọdún 81, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Àwọn nìkan ló kù tó mọ oríkì ìdílé náà délẹ̀. Lálẹ́, wọn a máa ki àwọn ọmọ. Ọ̀kan a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tó ń wò lórí fóònù ló ń rín. Nígbà tó yá, Màmá kò ki ẹnikẹ́ni mọ́. Wọn kò bínú, wọn kò ráhùn. Bí wọ́n bá ti kírun Iṣái, wọn a wọlé sùn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù, nítorí oríkì yẹn kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kankan.

Èmi àti ọkọ mi fi ìmọ̀ ṣọ̀kan. A gbé agbọ̀n kan sí pálọ̀. Láti Mọ̀gàríbì títí a ó fi kírun Iṣái tán, inú rẹ̀ ni gbogbo fóònù ń wà. Ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò: tèmi ló kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, ti ọkọ mi tẹ̀ lé e. Ó sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé lẹ́yìn Iṣái ni òun yóò máa pè wọ́n padà. Lóru, fóònù kì í wọ yàrá. Aago kékeré kan ló ń jí wa fún Àsùbáà.

Àkọ́bí wa, tó ń múra ìdánwò JAMB, fajú ro fún ọjọ́ mélòó kan. A kò lù ú, a kò bú u. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó bi Màmá pé, "Màmá àgbà, ta ni Àkànbí tí ẹ máa ń dárúkọ nínú oríkì wa?" Màmá wò ó títí, wọ́n ní kó sún mọ́ àwọn. Ó ti kọ ojú ewé 11 sínú ìwé báyìí, wọ́n sì ní òun kò tíì dé ìdajì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, láti ọdún 2018 ni ọ̀pọ̀ fóònù ti ń ṣírò wákàtí tí a ń lò nídìí wọn. Ẹ wo ìṣirò náà kí ẹ tó sùn. Ẹ pa ìró gbogbo ohun tí kì í ṣe ìpè. Ẹ̀yin ìyá tó ń fi fóònù rẹ ọmọ lẹ́kún, ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2019 ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má jókòó ti irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rárá, kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má sì ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́.

Ẹ fún fóònù ní ibùsùn tirẹ̀ àti àkókò tirẹ̀. Àwọn àgbà tó wà lọ́dọ̀ wa kò ní wà títí láé. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a gbọ́ ohùn wọn nígbà tó wà. Àmín.