Ẹni Tí Yóò Ra Ilé Ní Kí Á Tún Un Ṣe

Nígbà tí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń ta ilé tí ìyá wa fi sílẹ̀ ní Ìkòròdú, ẹni tí yóò rà á ti gbà sí iye tí a pè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ó padà wá: kí á pààrọ̀ páànù tí ó dípẹtà, kí á kun ilé ní ọ̀dà, kí á sì dí kànga ẹ̀yìnkùlé. Inú bí mi. Owó ẹja ni ìyá wa fi gbẹ́ kànga yẹn.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, bí irú èyí bá kàn yín, ẹ má ṣe sáré pe bíríkìlà. Páànù tí ń jò, tiwa ni. Ọ̀dà, tirẹ̀ ni. A ní kí káfíńtà díye lé páànù, a sì yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé. Bí a bá tún un ṣe fúnra wa, àbùkù mìíràn ni yóò tún rí. Lọ́yà kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Láti ìgbà Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, Gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú títà bẹ́ẹ̀, èyí sì lè pẹ́ ju ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu lè dúró dè lọ.

Ní ti kànga, mo ní kí ó dí i fúnra rẹ̀ bí kọ́kọ́rọ́ bá ti dé ọwọ́ rẹ̀. Títí di òní, kò tíì dí i.