Ẹ̀gbọ́n Mi, Oṣù Mẹ́ta Kò Tó

Manchester,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo tún un gbọ́ kí n tó jókòó kọ èyí, torí ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe ohun tí à ń sáré dáhùn. Ẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Lọ́kọ́ja sọ pé oṣù mẹ́ta péré ni ọmọ wa yóò fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì, pé tó bá fi máa di oṣù kẹrin, dọ́là ni yóò máa wọlé. Ẹ wá ń rò ó pé kí ẹ ta apá kan oko kajú tó wà lọ́nà Bùnú láti fi san owó wọn.

Ẹ má tíì tà á.

Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun níbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Nǹkan mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ kọ́. HTML la fi ń sọ ohun tó wà lójú ewé: àkọlé nìyí, àwòrán nìyí, ibi tí èèyàn yóò tẹ̀ nìyí. CSS ló ń sọ bí wọn yóò ṣe rí, àwọ̀ wọn àti ibi tí kálukú yóò wà. JavaScript ló ń mú kí ojú ewé náà dáhùn nígbà tí èèyàn bá tẹ nǹkan. Tó bá tẹpá mọ́ṣẹ́, kí oṣù méjì tó pé, yóò ti fi méjì àkọ́kọ́ ṣe ojú ewé tí ẹ̀yin náà yóò rí lórí fóònù yín, inú gbogbo ilé yóò sì dùn. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń gbowó ti máa ń pariwo pé ọmọ ti mọṣẹ́. Rárá o. JavaScript ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà lójú ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́wàá ni Brendan Eich fi ṣe é ní May 1995, síbẹ̀ oṣù mẹ́fà lè kọjá kí ẹni tó ń kọ́ ọ tó lè fi kọ nǹkan gidi láìwo tẹlòmíì. Eich, ní tirẹ̀, ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kó tó ṣe é.

Wákàtí ni kí ẹ máa kà, ẹ má ka oṣù. Ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, freeCodeCamp, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2014. Nǹkan bí 300 wákàtí ni wọ́n ń fojú bù fún ìwé ẹ̀rí kan. Lójú tèmi, ọmọ wa nílò irú rẹ̀ mẹ́ta kí a tó lè ní ó mọ nǹkan: 900 wákàtí nìyẹn. Tó bá ń fi wákàtí mẹ́ta kọ́ ọ lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọgọ́ta ọ̀sẹ̀ ni yóò gbà á, ó ju ọdún kan lọ. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ á sọ ọ́ di oṣù márùn-ún lé díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń rí iná wákàtí mẹ́jọ ní Kabba? Màmá yóò rán an lọ́jà, kajú náà yóò sì tó ṣà. AltSchool Africa, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 2021, ọdún kan ni wọ́n fi ń kọ́ni kí wọ́n tó fúnni ní díplómà. Peter Norvig, tó ti ṣe ọ̀gá ní Google rí, tilẹ̀ ti kọ ọ́ ní ohun tó lé lógún ọdún sẹ́yìn pé ọdún mẹ́wàá ni. Ìyẹn pọ̀ jù fún wa. Àgbà ọ̀jẹ̀ ló ń bá wí.

Ti dọ́là oṣù kẹrin yẹn, ẹ gbọ́ ti Andela. Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2014, nígbà náà wọ́n ń gba àwọn ọ̀dọ́, wọ́n ń kọ́ wọn, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun. Ní September 2019, wọ́n dá nǹkan bí 400 dúró ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Uganda, torí àwọn oníbàárà wọn ń fẹ́ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn yẹn kì í ṣe ẹni oṣù mẹ́ta o!

Bí a bá fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ, a kì í retí agbádá lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹta. Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, kó tó ṣe fíríìdọ̀mù. Wẹ́ẹ̀bù pàápàá àti ìpínlẹ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́: oṣù August 1991 tí Babangida yọ wá kúrò ní Kwara sí Kogí ni Tim Berners-Lee kéde rẹ̀ fáyé. Kò sí ẹni tí wọ́n bí mọ́ iṣẹ́ náà, gbogbo wa la kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ lọmọ yín náà lè kọ́ ọ.

Èmi yóò ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB fún un. Ti iná ni kí ẹ bá mi wá, sólà kékeré pẹ̀lú bátìrì. Dátà kò ní wọ́n yín tó bí ẹ ṣe rò, torí pé kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti kọ HTML tàbí JavaScript, kò sì nílò rẹ̀ láti wo ohun tó kọ. Tó bá ti gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó lè fi ọ̀sẹ̀ kan ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Kó forúkọ sílẹ̀ fún 3MTT, ètò ìkọ́ṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Kó má sì torí èyí pa JAMB tì.

Lóṣooṣù, kó fi ohun tó ṣe hàn yín, kó sì ṣàlàyé rẹ̀. Tó bá ń sọ pé òun ṣì ń wo fídíò, ẹ bi í pé kí ló kọ fúnra rẹ̀. Owó àkọ́kọ́ rẹ̀, náírà ni yóò jẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lọ́wọ́ ilé-ìwé aládàáni tàbí òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀, kò sì ní pọ̀.

Ẹ fún un ní ọdún kan àbọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má san owó fún àwọn ará Lọ́kọ́ja yẹn, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ kankan kí a tó tún sọ̀rọ̀.

Èmi ni,
Àbúrò yín.