Fífi Ara Balẹ̀ Yẹ Ohun Èlò Àtijọ́ Wò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Òwe yìí bá ohun èlò iná àtijọ́ mu gan-an. Irú ohun bẹ́ẹ̀ kì í sọ fún ni pé òun ti bàjẹ́. Ẹni tó bá fi ìkánjú so ó mọ́ iná ni yóò fojú ara rẹ̀ rí i.

Aránṣọ kan wà ní Abẹ́òkúta tó jogún ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mọ́tò kékeré ló ń yí ẹ̀rọ náà. Ìtẹ̀sẹ̀ kan tó wà nílẹ̀ ló sì ń pinnu bí mọ́tò yóò ṣe sáré tó. Ní ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ kan ìtẹ̀sẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí abẹ́rẹ́ gún obìnrin náà ní ìka. Ọmọkùnrin rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama, lọ ra ìtẹ̀sẹ̀ tòkunbọ̀ kan lọ́jà, ó sì fẹ́ so ó mọ́ iná lójú ẹsẹ̀ nítorí pé oníbàárà ń dúró de aṣọ. Ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, a lè bẹ oníbàárà. Bí iná bá gbé ọ, ta ni n ó bẹ̀?" Ó ní kí ó kó ìtẹ̀sẹ̀ méjèèjì lọ bá bàbá atúnrédíòṣe tó wà ládùúgbò.

Bàbá náà kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Ó yí ìtẹ̀sẹ̀ tòkunbọ̀ náà dojú dé, ó ní kí ọmọ náà ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. 110 fóltì ni. Nọ́ńbà yìí nìkan ti tó: ilẹ̀ bí Amẹ́ríkà, níbi tí iná ilé jẹ́ nǹkan bí 120 fóltì, ni wọ́n ṣe é fún. Iná Nàìjíríà tó 230 sí 240. Bí a bá so ohun tí a ṣe fún ìdajì mọ́ odidi, ó lè jóná, ó sì lè jó ilé. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí fóltì bá tilẹ̀ bára mu, a tún gbọ́dọ̀ wo ámpíà: iye tí ìtẹ̀sẹ̀ lè gbé kò gbọdọ̀ kéré sí iye tí mọ́tò ń fà.

Ó wá kan ìtẹ̀sẹ̀ àjogúnbá. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lára iná, wọ́n sì tú ìdérí rẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ní wáyà tí a wé, tí a sì pín sí ìpele. Eré mọ́tò a máa fò láti ìpele kan sí òmíràn. Èkejì ní àwo kábọ́ọ̀nù wẹ́wẹ́ tí a tò léra wọn nínú ihò tánganran. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń tẹ̀ wọ́n ni wọ́n ń fún mọ́ra, ìdíwọ́ wọn ń dínkù, mọ́tò sì ń yára sí i. Ẹ̀kẹta ń gé iná sí wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ohun èlò bíi thyristor, èyí tí ilé-iṣẹ́ General Electric gbé jáde ní 1957. Kábọ́ọ̀nù ni ti ìyá àgbà.

Bàbá fi mítà sí i. Láìtẹ̀ ẹ́, kò yẹ kí iná rí ọ̀nà kọjá rárá, ṣùgbọ́n mítà fi hàn pé ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kapásítọ̀ kékeré kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti má ṣe jẹ́ kí mọ́tò da rédíò láàmú, ti bàjẹ́, ó sì ti di afárá fún iná. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ọ̀nà dí. Bí ọmọ náà ti ń tẹ ìtẹ̀sẹ̀, ìdíwọ́ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òfin tí Georg Ohm ará Jámánì tẹ̀ jáde ní 1827, tí ọmọ náà ti kọ́ sórí fún ìdánwò, ló ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká so ó, sà."

"Mítà ti sọ tirẹ̀, ó ku gílóòbù."

Wọ́n fi kapásítọ̀ tuntun, irú èyí tí a ṣe fún iná ilé, rọ́pò ti àtijọ́. Wọ́n wá fi gílóòbù onírin-tínrín 100 wáàtì sí ipò mọ́tò. Bí àléébù bá ṣì wà nínú ìtẹ̀sẹ̀, gílóòbù ni yóò tàn, nǹkan kan kò ní jóná. Láìtẹ̀ ẹ́, ó ṣókùnkùn. Bí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ó tàn, ó sì ń mọ́lẹ̀ sí i. Bí wọ́n ti gbẹ́sẹ̀, ó kú. Ìgbà náà ni wọ́n tó dá mọ́tò padà.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe tú ohun èlò iná láìsí àgbà tó mọ iṣẹ́ náà nítòsí, kí ó má sì rò pé ìtẹ̀sẹ̀ yìí bá gbogbo mọ́tò mu. Mọ́tò fáànù tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì kábọ́ọ̀nù kò sí lára àwọn tó ń bá lò. Ohun tí ó tọ́ kí olùkọ́ fi kọ́ni níbí kò ju ètò lọ: kíkà ṣáájú títú, wíwọ̀n ṣáájú síso, gílóòbù ṣáájú mọ́tò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.