Ọwọ́ Tí A Fi Pamọ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ìbéèrè tí àwọn ọmọ máa ń bi òbí, tí ìdáhùn rẹ̀ kì í tètè bọ́ sí ẹnu. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni èyí tí ọmọkùnrin wa kan gbé ka iwájú wa. Ìyá rẹ̀ rán an lọ ra búrẹ́dì. Ó mọ ṣẹ́ńjì mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ní owó ti tán. Nígbà tí a bá a wí, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí ó wí pé, “Bàbá, ẹ má bínú. Bí mo bá fi ọwọ́ mi pamọ́ fún ẹni tí ó mú pátákó nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin náà ni ẹ máa ń yìn mí. Èé ti ṣe tí ó fi jẹ́ ọgbọ́n ní pápá, tí ó sì di ẹ̀ṣẹ̀ ní ilé?”

Fún àǹfààní àwọn tí kò mọ eré náà, igi mẹ́ta ni a máa ń gbé nàró sí ẹ̀yìn onípátákó. Ajubọ́ọ̀lù ń wá ọ̀nà láti fi bọ́ọ̀lù kan igi náà, onípátákó sì ń gbèjà rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fi eré sísá àti agbára jù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣe èyí tí a ń pè ní leg spin kì í kánjú. Ọrùn ọwọ́ àti ìka ni ó fi ń yí bọ́ọ̀lù bí ó ti ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni onípátákó fi ń dúró. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, bọ́ọ̀lù yìí yóò balẹ̀, yóò sì yà láti ìhà ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ìhà iwájú rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1993, ní pápá Old Trafford ní ìlú Manchester, Shane Warne ará Ọsirélíà ju irú rẹ̀ sí Mike Gatting ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìta igi ìhà ẹ̀yìn ni ó ti balẹ̀. Ó yà kọjá pátákó, ó sì kan orí igi ìhà iwájú.

Iṣẹ́ yìí ní ẹ̀ka. Bí ọrùn ọwọ́ bá tún yí díẹ̀ sí i, bọ́ọ̀lù yóò lọ tààrà, yóò sì ta sókè ju bí a ti rò lọ. Bí a bá fi ìka ta á jáde láti abẹ́ ọwọ́, èyí tí a ń pè ní flipper, kò ní ta sókè, ṣùgbọ́n yóò yára wọlé. Èyí tí ó ṣòro jù láti dá mọ̀ ni googly: ẹ̀yìn ọwọ́ yóò kọ sí onípátákó, bọ́ọ̀lù yóò sì yà sí òdì kejì ibi tí ó ń retí. B. J. T. Bosanquet, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó mú un wọ inú eré ní nǹkan bí ọdún 1900, lẹ́yìn tí ó ti fi bọ́ọ̀lù dán an wò nínú eré orí tábìlì. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1948, ní pápá Oval ní Lọ́ńdọ̀nù, Don Bradman, ọ̀gá nínú àwọn onípátákó, jáde fún ìgbà ìkẹyìn nínú ìdíje àárín orílẹ̀-èdè. Àmì 4 péré ni ó kù kí ìpíndọ́gba rẹ̀ lè pé 100. Eric Hollies ju googly sí i ní bọ́ọ̀lù kejì. Bradman padà láìní àmì kan, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì dúró sórí 99.94.

Ǹjẹ́ Hollies purọ́ fún Bradman bí? Rárá o. Bradman mọ̀ kí ó tó wọ pápá pé ẹni tí ó dojú kọ òun ń wá ìṣubú òun. Pátákó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là. Ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ ọrùn ọwọ́ ajubọ́ọ̀lù lè dá googly mọ̀. Bákan náà ni ẹni tí ń ta ayò kì í ka ọmọ ayò sókè sí etí ẹni tí ó jókòó kọjú sí i, a kò sì pè é ní òpùrọ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbà láti díje.

Pápá kan náà sì mọ ọwọ́ mìíràn tí a fi pamọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, ní Cape Town, a ká a mọ́ ẹgbẹ́ Ọsirélíà pé ọ̀kan nínú wọn mú sáńpépà wọ pápá láti fi ha bọ́ọ̀lù, ó sì fi í pamọ́ fún adájọ́ eré. A dá mẹ́ta nínú wọn dúró, méjì fún oṣù 12, ẹnì kẹta fún oṣù 9. Adájọ́ kì í ṣe abánidíje wọn. Ẹni tí ó yẹ kí ó lè gbẹ́kẹ̀ lé wọn ni.

Èyí ni ìdáhùn tí a fún ọmọ wa: ìyá kò mú pátákó lọ́wọ́ nígbà tí ó fi owó lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìfẹ́ ni ó fi rán an, kò sì ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá tan ẹni tí kò ṣọ́ra nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé e, kì í ṣe eré ni ó ń ṣe.

Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe ọmọ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Alájàpá tí ó tẹ ìdí kóńgò wọnú, ọkọ tí ó ń fi iye owó oṣù rẹ̀ pamọ́ fún aya, aya tí ó ń yá owó ní ìkọ̀kọ̀: gbogbo wọn ni ó mọ nǹkan mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ ọgbọ́n pápá dáadáa, kí wọ́n sì bá ọwọ́ tí ó ṣí sílẹ̀ nínú ilé wa.