IBI TÍ A TI Ń BẸ̀RẸ̀ ÌWỌ̀N

Ní Ìṣẹ́ Èkìtì wa yìí, ta ni kò mọ ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá? Alumí yíyọ́ tí a dà sínú iyanrìn ni a fi ń ṣe púpọ̀ nínú púlì rẹ̀. Bí ó ti ń tutù ni ó ń sún kì, ara rẹ̀ a sì rí ṣákiṣàki. Nítorí náà etí rẹ̀ kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé fún ìwọ̀n.

Lójú tèmi, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Apá tí a kò ní fá ni kí a kọ́kọ́ dì mú, kí a fi lu ihò àárín. Láti inú ihò náà ni kí a sì ti wọn ojú ọ̀nà bẹ́líìtì. Nínú ìwọ̀n àgbáyé H7, ihò mílímítà 25 kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 21 nínú 1,000 mílímítà kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí kò kan nǹkan kan lè fi odindi mílímítà kan yẹ̀ láìsí ewu. Ẹni tí ó ní kí gbogbo rẹ̀ gún rẹ́gí ń fi owó ṣòfò; ẹni tí kò sì bìkítà fún ihò, bẹ́líìtì rẹ̀ yóò máa yọ, gbágùúdá tí àwọn ìyá wa ti bó yóò sì bàjẹ́ nílẹ̀. Igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú.