Ilé ìgbín tí Bàbá wa kàn ní Ohio

Nígbà tí mo sọ fún Màámi lórí fóònù pé Bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń kan tírélà ní ẹ̀yìnkùlé, wọn kò kọ́kọ́ fèsì. Jos ni Màámi ń gbé. Tírélà tí wọ́n mọ̀ ni ọkọ̀ gàgàrà tí ń kó sìmẹ́ńtì gba ọ̀nà Bauchi, tí àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké máa ń yà fún. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ẹni àádọ́rin ọdún! Ta ni yóò wà á?"

Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìtumọ̀ ló yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ohunkóhun tí ó ní táyà tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí a so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tírélà ni. Èyí tí mò ń sọ kéré débi pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán lè fà á. Yàrá onípákó ni, kò gbà ju ibùsùn kan lọ. Ènìyàn kì í dúró nínú rẹ̀, ńṣe là ń rá wọlé. Ẹ̀yìn rẹ̀ níta ni ibi ìdáná wà: a ó ṣí ìdérí sókè bíi búùtù ọkọ̀, sítóòfù àti ìkòkò yóò sì yọ. Iwájú rẹ̀ rí róbótó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń tẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ẹ̀kán omijé lédè wọn. Láàárín ọdún 1930 sí 1950 ni ó gbòde níbẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn oníṣẹ́ ọwọ́ a máa tẹ àwòrán àti ìwọ̀n rẹ̀ jáde, ẹni tí ó bá ní ayùn àti àyè yóò sì kàn án fúnra rẹ̀. Plywood ló pinnu bí ó ṣe máa tóbi tó. Odidi plywood kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú àti 8 ní gígùn. Bí a bá fi ọ̀kan ṣe ẹ̀gbẹ́ kan, ilé náà yóò ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, yóò sì gùn ní 8, pákó kò ní ṣòfò.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tí ó ti lọ kí ọmọ lókè òkun, ẹ máa mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún Bàbá nígbà tí wọ́n wọ Ohio. Màámi kò lè fi ọjà sílẹ̀, nítorí náà Bàbá nìkan ni wọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú fèrèsé ni Bàbá ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń wo òpópónà tí ẹnikẹ́ni kì í fi ẹsẹ̀ rìn kọjá. Tọkọtaya ti lọ síbi iṣẹ́, ọmọ ti lọ sílé ìwé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò mọ̀ ju "Ẹ káàárọ̀" àti "Ẹ ṣé" lọ. Gẹ̀ẹ́sì Bàbá náà kò yé e. Àwọn méjèèjì á jọ jẹun lórí tábìlì kan bí èrò ọkọ̀ méjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ní gáréèjì. Yunifásítì tí mo ti ń kàwé kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wọn, mo máa ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìbéèrè tí Bàbá fi kí mi káàbọ̀ ni pé, "Ìgbà wo ni ẹ máa dá mi padà?"

Férémù onírin kan tí ó ní táyà méjì ti wà nínú ilé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi láti bí ọdún méjì. Èrò rẹ̀ ni pé kí ìdílé máa jáde lọ sínú igbó ìgbafẹ́ nígbà ìsinmi, láìsan owó hòtẹ́ẹ̀lì. Ó fi àwòrán han Bàbá. Bàbá wò ó, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní, "Ẹni tí wọ́n bá lé ló ń gbé ilé rìn."

Kumasi ni wọ́n bí Bàbá sí, àwọn òbí wọn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Bàbá nígbà náà, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́. Èyí ni gbogbo wa mọ̀. Ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ nínú ilé ọkọ̀ yẹn: pé àwọn fúnra wọn ló kan àpótí tí wọ́n kó aṣọ ìyá wọn sí, pé awakọ̀ sọ pé àyè kò sí fún un, àti pé ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n fi í sílẹ̀ sí, pẹ̀lú aṣọ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ẹbí láàárín àwọn tí ó kúrò ní Gánà lọ́dún náà kò nílò àlàyé mi.

A fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan, òun nìkan. Bóyá ká ní ó mọ ayùn fà, ìtàn ìbá parí síbẹ̀. Ariwo ayùn náà ni Bàbá gbọ́ nínú yàrá, ni wọ́n bá jáde pẹ̀lú sálúbàtà: "Ta ló ń pa pákó lára báyìí?" Wọ́n gba ayùn. Wọn kò dá a padà títí a fi parí.

Ohun tí ó kọ́kọ́ dùn mọ́ wọn ni tẹ́ẹ̀pù ìwọ̀n. Wọ́n ti rò pé ìwọ̀n òyìnbó yóò le, àfi bí wọ́n ṣe rí ẹsẹ̀ bàtà àti íǹṣì níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó ní Jos. Gbogbo ayé ti lọ sórí mítà, àwọn Amẹ́ríkà àti àwọn káfíńtà tiwa kò tíì lọ. Láti fa ìlà tí ó tẹ̀ kọrọdọ ní ẹ̀gbẹ́ ilé náà, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lo kọ̀ǹpútà. Bàbá kan ìṣó díẹ̀ sórí pákó, wọ́n tẹ igi tín-ín-rín kan gba ara àwọn ìṣó náà, wọ́n sì fi pẹ́ńsù tẹ̀ lé e. Wọ́n wá gbé plywood méjì lé ara wọn, wọ́n gé wọn papọ̀ kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì má bàa yàtọ̀.

Òrùlé ló gba wá lákòókò jù. Plywood fẹ́lẹ́ máa ń gbọ́ràn sí ọ̀nà kan ju èkejì lọ, ibi tí ìlà ara igi bá dojú kọ ló ń pinnu. Àkọ́kọ́ fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ìró rẹ̀ dún bí ìbọn. Bàbá ní kí a se omi gbígbóná. A fi aṣọ inura tí a rì sínú omi bo èkejì, a fi okùn dè é díẹ̀díẹ̀, a sì gbé bíríkì lé e mọ́jú. Ní òwúrọ̀ ó ti tẹ̀. A jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí a tó fi gọ́ọ̀mù sí i, torí gọ́ọ̀mù kì í mú ara igi tútù.

Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Ẹnìkan ní láti di orí kan mú nígbà tí èkejì ń kàn án, ọmọ yẹn nìkan ló sì ń wà nílé tí ó bá ti ti ilé ìwé dé. Èdè ni iṣẹ́ mi, mo sì ti ra ìwé alífábẹ́ẹ̀tì aláwòrán fún un rí; eruku ló ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí pákó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè máa béèrè ìtumọ̀. "Dì í mú." "Rọra." "Ó tó." "Gbé e wá." Ní ọjọ́ kan Bàbá ní "Fà á!", ọmọ mú sáńpépà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha pákó. "Fá a" ló gbọ́. Mo ti kọ ojú ìwé púpọ̀ nípa ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, n kò rí ibi tí ó ti hàn kedere tó báyẹn. Kò ṣi í gbọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Òun náà ló sọ ilé náà ní ilé ìgbín, lẹ́yìn tí Bàbá sọ fún un pé bí ìgbín bá fà, ìkarahun rẹ̀ a tẹ̀ lé e.

Àríyànjiyàn pọ̀ lórí fèrèsé. Bàbá kò fẹ́ rárá, nítorí ojò; ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ńlá. Kékeré méjì ni wọ́n fi parí rẹ̀, pẹ̀lú fáànù kan ní òrùlé. Afẹ́fẹ́ kì í ṣe ọ̀ràn àfẹ́rí níbẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá sùn nínú àyè tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀, èémí wọn nìkan tó láti mú kí àjà máa kán omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dáná tàbí tan èédú nínú rẹ̀, èéfín tí kò ní òórùn lè pa á lójú oorun. Ìdí nìyẹn tí ibi ìdáná fi wà níta.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n ẹrù. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, ilé náà yóò máa fì sọ́tùn-ún sósì lórí eré, ó sì lè yí ọkọ̀ dànù. Ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ ló yẹ kí ó tẹ ibi tí a ti so ó mọ́ ọkọ̀. A gbé òṣùwọ̀n ilé ìwẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, a wò ó, a sún bátìrì síwájú, a tún wò ó. Ọ̀ràn ìwé àti nọ́ńbà ọkọ̀ kò le tó bí mo ti rò.

Àwọn kan ti béèrè bóyá a lè kan irú rẹ̀ níbí. A lè kàn án, káfíńtà àti wẹ́dà wa mọ̀ ọ́n ṣe. Ibi tí a máa gbé e sùn sí lẹ́bàá ọ̀nà ni n kò rí, bí ọ̀nà wa ti rí lónìí. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ń ta oúnjẹ, ìdáná ẹ̀yìn yẹn dára ju kíósì lọ.

Ní ìparí oṣù Kẹjọ, ọ̀sẹ̀ kan kí Bàbá tó padà, a fà á lọ sí Hocking Hills, bí ìrìn wákàtí kan sí Columbus. Bàbá àti ọmọ ọmọ wọn sùn nínú rẹ̀, àwa yòókù sùn nínú àgọ́. Òjò ńlá rọ̀ lóru. Àgọ́ wa rin gbingbin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá Bàbá níta pẹ̀lú ìgbálẹ̀ ọwọ́, tí wọ́n ń nu omi kúrò lára pákó, tí wọ́n ń fi ìka wo ojú ìsopọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Mo béèrè bóyá wọ́n sùn. Wọ́n ní ọmọ náà sùn dáadáa. Wọ́n wá tẹ́ ọwọ́ lu òrùlé náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Èyí, a máa gbé e délé."

Jos ni Bàbá wà báyìí. Ọmọ náà máa ń pè wọ́n ní ọjọ́ Àìkú, òun fúnra rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó sì béèrè ohun tí irin tí ń gbé ilẹ̀kùn yí ń jẹ́ ní Yorùbá. Bàbá ní, "Híńjì." Ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Bàbá ní Yorùbá ni, Kumasi ni àwọn ti kọ́ ọ, kí ó yí fóònù síbẹ̀ kí àwọn rí i, kí ó sì lọ mú òróró wá.